Má Fi Ohun Tí Kì Í Ṣe Tìrẹ Ṣe Sàdákà Fún Mi

Ṣàngó, Ìlọrin,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àyílà.

Bílíkísù ọmọ mi, Àsàbí,

Àsàlámù àlékùmù. Bí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má sáré pè mí lórí fóònù. Kọ́kọ́ jókòó, kí o kà á tán. Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ ni pé o kì í jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ parí. Bí mo bá ti fẹ́ dárúkọ ikú báyìí, wàá ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, Ọlọ́hun ò ní í jẹ́," ẹkún á sì bẹ̀rẹ̀. Èmi tó ń ṣàìsàn ni n ó tún wá máa rẹ̀ ọ́ lẹ́kún. Ìwé kì í sunkún, kì í sì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ èèyàn lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ìwọ àti èmi la jọ gbọ́ ohun tí dókítà sọ nípa ọyàn mi. Ó ní jẹjẹrẹ náà ti dé ẹ̀dọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ń sọ pé ká máa gbàdúrà, ká máa jẹ èso dáadáa. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo mọ ohùn tí àgbàlagbà máa ń lò bó bá ń fi nǹkan pamọ́ fún ọmọdé, ohùn yẹn gan-an ni ọkùnrin náà ń lò fún mi. Nítorí náà, jẹ́ ká má tan ara wa.

Mo kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí i. Nígbà tí o sọ pé láíbìrì fásitì ni wọ́n gbà ọ́ sí, mo fi ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀síbáà mi dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí o wá sọ pé ẹ̀ka kọ̀m̀pútà ni, pé ìwọ ni wàá máa ṣí ọ̀nà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí àwọn ìwé ìwádìí òkè òkun tí iléèwé ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó fún, pé orí àga tí ọ́ńkù rẹ Sálíù jókòó lé nígbà ayé rẹ̀ ni wọ́n fi ọ́ sí, ẹnu mi wọhò. O rò pé ayọ̀ ni. Ẹ̀rù ni, ọmọ mi.

Ó sì wá di Jímọ̀ tó kọjá. O wà níbẹ̀, ojú rẹ ló ṣe. Àfáà Sódíìkì ti mọ́sálásí wa wá kí wa kú oríire, ó ṣe àdúà tó gùn, ó mu omi, ó nu ẹnu, ó wá ní, "Alhája, ọmọ yín ti di èèyàn ńlá o. Ìmọ̀ tí wọ́n tì mọ́lé, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà. Ọmọ tèmi náà tó ń kàwé nílùú mìíràn, fásitì tiwọn ò ní irú ẹ̀. Kó kàn fi pásíwọ̀ọ̀dù yẹn ṣọwọ́ sí i. Láádá ńlá ni."

Ìwọ kúnlẹ̀, o ní, "Màá wò ó, sà."

Màá wò ó! Bílíkísù, níbo lo ti rí ìyẹn kọ́? Ní Ìlọrin níbí, "màá wò ó" kì í ṣe rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ni, ó kàn da aṣọ borí ni. Àfáà ti lọ sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Lóòótọ́, èmi náà jókòó síbẹ̀, n kò sọ nǹkan kan, torí pé ọ̀wọ̀ Àfáà wà lára mi, inú tó ń run mí kò sì jẹ́ kí n rí ọ̀rọ̀ tò. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni n kò ti sùn re. O mọ̀ pé wọ́n lé Sálíù níṣẹ́, o kò mọ bó ṣe jẹ́ gan-an. O ṣì wà ní iléèwé girama nígbà náà, a sì máa ń dákẹ́ bí ẹ̀yin ọmọ bá wọlé. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ.

Ìyá wa, tí ẹ̀yin ń pè ní Ìyá Ìpàta, ẹ̀wà àti àgbàdo ló tà ní ọjà Ìpàta títí ẹ̀yìn fi tẹ̀. Kò mọ̀wé. Kò lè mọ orúkọ ara rẹ̀ bí a bá kọ ọ́ sára ògiri. Ṣùgbọ́n òun ló ń fa Sálíù lọ sí ilé kéú lówùúrọ̀, tó tún ń fà á lọ sí ilé ìwé gẹ̀ẹ́sì, bí ọmọ náà bá sì ń kàwé lálẹ́, yóò jókòó tì í, yóò máa wo ẹnu rẹ̀. Sálíù nìkan ló tún ń kàwé sókè fún un nígbà tó ti dàgbà, tó ti ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì. Àbíkẹ́yìn ni. Bó ṣe fẹ́ràn ìyá yẹn, n kò rí irú ẹ̀ rí.

Nígbà tí Ìyá kú, tí ọjọ́ kẹjọ pé, èrò kún ojúde wa fún fídáù. Ẹlòmíràn á pa màlúù. Owó oṣù Sálíù kò tíì wọlé, èmi náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ilé ìwé yín ni, ìrẹsì àti ẹran díẹ̀ la sè. Àfáà tó ṣe wàásí ní bí èèyàn bá kú, iṣẹ́ rẹ̀ dópin, àfi sàdákà tó ń ṣàn, àfi ìmọ̀ tó ń ṣe aráyé láǹfààní, àfi ọmọ rere tó ń ṣe àdúà fún un. Bí Àfáà ti jókòó ni Sálíù dìde. Ó wọ jàlàbíà funfun kan tó ti gbó lọ́rùn. Ó ní:

"Ẹ̀yin jànmọ́ọ̀, n kò ní màlúù. Ìmọ̀ ni Ọlọ́hun fi sí mi lọ́wọ́. Àwọn ìwé tó wà ní láíbìrì wa, táwọn olówó ń rà lókè òkun, pásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá ní ọmọ tó ń kàwé, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo ojú ewé tẹ́ ẹ bá kà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Ọlọ́hun kọ láádá rẹ̀ fún ìyá mi tí kò mọ̀wé kà."

Àsàbí, àwọn obìnrin bú sẹ́kún. Àwọn ọ̀dọ́ yọ fóònù, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Èmi gan-an ni Àmín mi ròkè jù. Mo wo àbúrò mi, mo ní nínú ara mi pé ọmọ yìí ni ọmọ tí Ìyá wa bí. Kò sí ẹni kan nínú wa, àti Àfáà, àti àwọn tíṣà tó wà níbẹ̀, tó rántí bi í pé, "Sálíù, ṣé tìrẹ ni?" Bí a bá ní kó mú ìrẹsì láti ìsọ̀ onísọ̀ wá sè fún òkú, gbogbo wa la ó pariwo mọ́ ọn. Nítorí pé ìwé ni, tí a kò rí i pé ó dín lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, a pè é ní ìmọ̀, a ṣe Àmín sí i.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ lójúde yẹn bọ́ sórí Wáásáàpù, ó ti fóònù kan dé òmíràn, ó kọjá Ìlọrin. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ títí dòní fi kọ̀m̀pútà kó àwọn ìwé náà lọ bí ẹní fi tírélà kó yanrìn. Àwọn tó ni wọ́n lókè òkun rí i. Wọ́n kò bèèrè ta ni, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo fásitì náà.

O rántí Bùkọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó háyà yàrá ẹ̀yìnkùlé wa, tó máa ń kọrin ìjọ wọn bó bá ń fọṣọ? Ó ń kọ ìwé ìwádìí oyè kejì rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà náà, lórí àwọn oògùn. Àyè kan ń dúró dè é lókè òkun, ọ̀fẹ́ ni, kó ṣáà ti parí ni. Ilẹ̀kùn tì mọ́ ọn nígbà tó kù díẹ̀. Ó ń ti ọ́fíìsì kan dé èkejì, wọ́n ní kó ní sùúrù, wọ́n ń bá àwọn òyìnbó sọ̀rọ̀. Ọjọ́ àyè náà kọjá lọ. Ní àárọ̀ tó kó ẹrù rẹ̀ padà sílé, ó wá kúnlẹ̀ níwájú Sálíù lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó ní, "Ọ́ńkù, ẹ ṣé tẹ́ ẹ máa ń ràn mí lọ́wọ́ ní láíbìrì. Ọlọ́run á tẹ́ Ìyá sí afẹ́fẹ́ rere." Kò sí ẹni tó tíì sọ fún un. Gbogbo ilé ló mọ̀, àfi òun. Mo fẹ́ kí ọmọ náà bú Sálíù, ì bá sàn fún un.

Nígbà tí wọ́n pè é síwájú ìgbìmọ̀, wọ́n bi í pé ta ló fún ní pásíwọ̀ọ̀dù. Ó ní, "Ìyá mi ni mo fún." Wọ́n ní níbo ni ìyá rẹ̀ wà. Ó ní, "Ó ti kú, sà." Wọ́n rò pé ó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Wọ́n lé e.

Ó lọ sí Ìpàta, ó ń bá àwọn tó gba ìsọ̀ Ìyá gbé àpò ẹ̀wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ̀rẹ̀, kò gbà kí a mú òun lọ sọ́sípítù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo gbé ẹ̀kọ lọ fún un, kò jẹ ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rò pé ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

Mo ní, "Kí ló dé ọ̀dọ̀ ta?"

Ó ní, "Láádá yẹn. Àbí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ ìyá wa? Wọ́n jí ẹran, wọ́n fi ṣe sàdákà fún òkú. Òkú ò mọ̀, òkú ò sì lè dá a padà. Ṣé kì í ṣe pé mo di ẹrù lé e lórí níbi tó wà?"

Àsàbí, iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ ló ń pa á. Ohun tó ń pa á nìyẹn. Mo ní, "Ọlọ́hun ló mọ̀, jẹun." Irú èsì tí à ń fún ọmọdé kó lè dákẹ́ ni mo fún un, ó sì dákẹ́. Òjò ọdún náà kò tíì dá tó fi kú. Níbi fídáù tirẹ̀, nínú gbogbo àwọn tó tẹ nǹkan yẹn sí fóònù lójúde wa, n kò rí èèyàn kan tí mo lè tọ́ka sí. Àwọn àga tí a háyà, púpọ̀ nínú wọn ni a kò tú sílẹ̀.

Ohun tí o kò mọ̀ nìyẹn. Wàyí o, gbọ́ ìmọ̀ràn mi.

Ìkíní, àmáánà, ohun olóhun tí a ní kí o ṣọ́, ni nǹkan tó wà lọ́wọ́ rẹ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, aládùúgbò wa kan gbé ìkòkò irin ńlá rẹ̀ tì mí kó tó rin ìrìn àjò. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ wá yá a fún ìsìnkú. N kò lè wo ojú rẹ̀ kí n ní kì í ṣe tèmi. Ìkòkò náà sán lọ́wọ́ wọn. Títí aládùúgbò náà fi kó lọ, kò tún jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gba omi lọ́wọ́ mi. Mo máa ń sọ fún ara mi pé àánú ló ṣe mí. Irọ́ ni, ojú ló tì mí. Ohun tí o gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn nìyẹn, Àsàbí: ìgbà tí àánú bá ń ṣe ọ́, àti ìgbà tí ojú bá kàn ń tì ọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló ń ba ayé àwọn ọmọ tí a bá tọ́ dáadáa jẹ́.

Èkejì, lọ bá Àfáà Sódíìkì lọ́sẹ̀ yìí. Kúnlẹ̀ dáadáa, kí o sì sọ pé, "Ẹ má bínú, sà, kò ní í ṣeé ṣe. Kì í ṣe tèmi." Má wulẹ̀ to àwáwí, má ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni, má ní ọ̀gá rẹ ò tíì dé. Ẹni tí o bá parọ́ fún lónìí yóò padà wá lọ́la, torí pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì á dé. Yóò bínú. Yóò sọ ọ́ ní mọ́sálásí pé ọmọ Alhája ti gbéra ga. Jẹ́ kó sọ ọ́.

Àwọn èèyàn wa ń bọ̀ o, kì í ṣe òun nìkan. Àwọn ará ilé bàbá rẹ ń bọ̀, ọ̀rẹ́ iléèwé rẹ ń bọ̀, ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọ náà lè bèèrè. Ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ tí o lè fún wọn, fún wọn. O sọ fún mi pé àwọn ìwé kan wà tí ẹni tó kọ wọ́n ti ṣí wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé, tí kò gba pásíwọ̀ọ̀dù. Má ṣe ahun ìyẹn. Jókòó tì wọ́n, fi ọ̀nà rẹ̀ hàn wọ́n títí yóò fi yé wọn. Èèyàn tí o bá kọ́ bí a ṣe ń wá ìwé, o kò jí i lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

N kò sọ pé àwọn tó tì í mọ́lé ṣe dáadáa. Inú máa ń bí mi sí wọn. Wọ́n á wá gba ẹ̀jẹ̀ wa nílé ìwòsàn, wọ́n á fi ṣe ìwádìí, ìwé rẹ̀ á dé òkè òkun, wọ́n á ní kí a wá sanwó kí a tó ka ohun tó ń ṣe wá. Bí ó bá bí ìwọ náà nínú, sọ ọ́ ní ìpàdé, kọ̀wé, pariwo rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni kí o gbà. Sálíù gba ojú fèrèsé, orí Bùkọ́lá ló sì já lé. Ẹni tó bá gba ojú fèrèsé kì í mọ ẹni tó sùn lábẹ́ rẹ̀.

N kò mọ èwo ni mo kà dé mọ́, apá ń ro mí. Jẹ́ ká pe èyí ní ẹ̀kẹrin tàbí ẹ̀karùn-ún. Mo mọ̀ pé o ń fi ẹ̀rọ iṣẹ́ rẹ wá ìwòsàn mi. Mo rí àwọn ìwé tí o tẹ̀ jáde, tí o fi ìlà sí lábẹ́, tí o gbé fún dókítà. Iṣẹ́ rẹ ni, o ní ẹ̀tọ́ sí i, n kò bá ọ wí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí o ka ọ̀kan tán, láti ọjọ́ náà ni o kò ti wo ojú mi mọ́. Bí o bá ń fún mi lóògùn, ìgò ni ò ń wò. Ohun tó wà nínú ìwé náà, mo ti mọ̀ ọ́n, ara mi ti sọ fún mi kí òyìnbó tó kọ ọ́. Dẹ́kun kíkà nípa mi. Wá jókòó tì mí. Mo bẹ̀rù, Bílíkísù. Alhája Tíṣà tí gbogbo Ṣàngó ń bẹ̀rù, òun náà bẹ̀rù, bí o bá sì ń wo ìgò, èmi nìkan ni mo máa ń dá bẹ̀rù.

Èyí tó kẹ́yìn ló mú mi kọ gbogbo èyí tó ṣáájú. Mo mọ̀ ọ́. Ọkàn Sálíù ló wà láyà rẹ. Bí mo bá kú, o máa fẹ́ ṣe nǹkan ńlá fún mi, o kò sì ní í ní màlúù. Wọ́n á pé jọ sójúde yìí kan náà. Àfáà á ṣe wàásí kan náà, torí pé òótọ́ ni wàásí náà, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹnì kan á wá yí ojú sí ọ, á ní, "Bílíkísù, ìwọ tí ọwọ́ rẹ ti tó ìmọ̀, kí lo mú wá fún ìyá rẹ?" Pásíwọ̀ọ̀dù yẹn á wà lórí ahọ́n rẹ. Nínú gbogbo èèyàn, ẹni tó ti kú ló rọrùn jù láti fi nǹkan olóhun ṣe lóore. Òkú ò mọ iye a rágọ̀. Kò mọ̀ bóyá wọ́n rà á tàbí wọ́n jí i.

Má dìde. Mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ Ọlọ́hun, jókòó pa sórí ẹní. Wọ́n á máa wo ara wọn, wọ́n á ní ọmọ yìí mà láhun sí ìyá rẹ̀ o. Fi mí sílẹ̀ kí n lọ lọ́wọ́ òfìfo. Bí láádá kan ò bá dé ọ̀dọ̀ mi láti òní lọ, mo fara mọ́ ọn. Ohun tí n kò lè fara mọ́ ni pé kí ìwọ náà jókòó ti ẹ̀kọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí o máa bi ara rẹ léèrè ohun tí Sálíù bi mí, kí èmi tí mo lè dá ọ lóhùn sì ti wà lábẹ́ ilẹ̀.

Torí náà, mo ti dá ọ lóhùn sílẹ̀. Bí wọ́n bá pè ọ́ ní ahun, sọ fún wọn pé òkú ló ní kí o ṣahun.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.